Ìbéèrè tí Yábà Fi Sílẹ̀ fún Wa: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Yan Yunifásítì

Bí àkókò àtira fọ́ọ̀mù JAMB bá ti ń sún mọ́, ìbéèrè kan ló máa ń gba ẹnu gbogbo ènìyàn kan láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndò: "Yunifásítì wo lo fẹ́ yàn?" Òbí ń bi ọmọ, ọmọ ń bi ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó ń bá wa forúkọ sílẹ̀ náà ń béèrè. Orúkọ ilé ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń dáhùn. A ó dárúkọ èyí tó lókìkí jù, tàbí èyí tí ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ wa wà, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ṣùgbọ́n ìtàn ilẹ̀ wa fi hàn pé orúkọ kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a wò. Àwọn tó ṣáájú wa jà kí yunifásítì tó wà tí a lè yàn. Nínú ìjà yẹn, wọ́n fi àwọn ìbéèrè kan sílẹ̀ tó wúlò fún wa lónìí: Kí ni ìwé ẹ̀rí ilé ìwé yìí yóò jẹ́ kí n lè ṣe? Ṣé ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ wà níbẹ̀? Ta ni yóò san owó rẹ̀ títí dé òpin? Mo fẹ́ sọ ibi tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ti wá.

Nígbà tí kò sí ohun tí a lè yàn

Kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ní 1827, àwọn míṣọ́nnárì CMS dá Fourah Bay College sílẹ̀ ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ ní ọdún kejì. Crowther kò yan Fourah Bay. Ogun ló gbé e kúrò nílé, àwọn míṣọ́nnárì ló sì fi í sí ilé ìwé.

Ní 1876, Fourah Bay so mọ́ Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni ọmọ ilẹ̀ wa ti lè gba oyè dígírì láì kọjá Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Henry Carr, ọmọ Èkó, gba tirẹ̀ níbẹ̀ ní 1882 nínú ìmọ̀ ìṣirò àti físíìsì, ó sì padà wá di ọ̀gá nínú ètò ẹ̀kọ́ ní Èkó.

Ẹni tí kò bá lọ sí Freetown, ìlú òyìnbó ló kù fún un. Herbert Macaulay lọ sí Plymouth ní 1890 láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ìjọba amúnisìn ló rán an, ó sì padà ní 1893. Bí a bá wo àwọn ènìyàn wọ̀nyí dáadáa, a ó rí i pé ìjọ rán àwọn kan, ìjọba rán àwọn kan, àwọn olówó sì rán ọmọ tiwọn. Ọmọ tí kò ní ìjọ, tí kò ní ìjọba, tí bàbá rẹ̀ kò sì lówó, kò sí ohun tí yóò yàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yábà

Ní ọdún 1932, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Yaba Higher College, ní Èkó. Ní oṣù kìíní ọdún 1934 ni wọ́n ṣí i ní gbangba. E. R. J. Hussey, ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, ló gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣègùn, iṣẹ́ ẹnjiníà, iṣẹ́ àgbẹ̀, wíwọn ilẹ̀, àti iṣẹ́ olùkọ́. Lójú ẹni tó bá wò ó lókèèrè, ohun ayọ̀ ni. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ti dé sí ẹnu ọ̀nà wa, kò tún sí pé à ń wọ ọkọ̀ ojú omi kí a tó kàwé.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ní Èkó bínú. Ìwé ẹ̀rí Yábà kì í ṣe dígírì. Ìwé ẹ̀rí tí Nàìjíríà nìkan mọ̀ ni. Ẹni tó bá kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kò ní jáde bí i dókítà tó kàwé ní ìlú òyìnbó. Igbákejì ni yóò jẹ́ fún òyìnbó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti iṣẹ́ ẹnjiníà. Ìjọba ń wá àwọn tí yóò ran òyìnbó lọ́wọ́. Kò wá àwọn tí yóò gba ipò òyìnbó.

Ní ọdún 1934 yẹn gan-an ni wọ́n dá Lagos Youth Movement sílẹ̀. Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akínsànyà wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yábà ló kọ́kọ́ kó wọn jọ. Ní 1936 wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ náà sí Nigerian Youth Movement, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó la ọ̀nà fún òmìnira.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí wọ́n béèrè. Wọn kò béèrè bóyá ilé ẹ̀kọ́ náà lẹ́wà tàbí bóyá ó súnmọ́ ilé. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé: bí ọmọ wa bá jáde níbẹ̀, ibo ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ yóò gbé e dé, ibo ni yóò sì ti dá a dúró? Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn.

Òótọ́ tún ni pé ìwé ẹ̀rí tí wọ́n dín kù kò pa àwọn tó gbà á run. Stephen Olúwọlé Awókòyà jáde ní Yábà, ó tún tẹ̀síwájú nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Lábẹ́ ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, òun ló ṣètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Ṣùgbọ́n ó ní láti gba ọ̀nà méjì kí ó tó dé ibi tí ẹlòmíràn gba ọ̀nà kan dé.

Ìbàdàn ní orúkọ, ṣùgbọ́n kò ní ohun gbogbo

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ìbínú àwọn ènìyàn nígbà tó yá. Ní 1943 wọ́n yan ìgbìmọ̀ Elliot láti wo ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 1945, ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Àwọn tó pọ̀ jù ní kí Nàìjíríà, Gold Coast àti Sàró ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwọn. Àwọn tó kéré ní ẹyọ kan tó fún gbogbo wọn, kí ó sì wà ní Ìbàdàn. Ní 1948, University College Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yábà ni wọ́n kó lọ síbẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀, Kenneth Mellanby sì ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. Dígírì Yunifásítì Lọ́ńdọ́nù ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè Yábà nìyẹn: ìwé ẹ̀rí kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń gbà ní Lọ́ńdọ́nù.

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ Ìbàdàn ti ń dún. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní àwọn ọdún yẹn kò lè kọ́ ọ ní Ìbàdàn, nítorí kò sí ẹ̀ka òfin níbẹ̀. Ìlú òyìnbó ni yóò lọ. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ jókòó sí Nàìjíríà, ó fi ìwé ránṣẹ́ kàwé, ó sì gba dígírì ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ́nù ní 1944. Ọdún yẹn náà ló wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ́nù láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin.

Ìbéèrè kejì ti ibí jáde. Ilé ìwé lè lókìkí ju gbogbo ilé ìwé yòókù lọ, kí ó má sì ní ohun tí ìwọ ń wá. Bí ènìyàn bá fẹ́ ra ata, kì í torí pé ìsọ̀ aláṣọ tóbi kí ó lọ dúró síbẹ̀.

Ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí

Ní 1959, bí òmìnira ti ń bọ̀, ìjọba yan ìgbìmọ̀ Ashby láti sọ iye àwọn ọ̀mọ̀wé tí Nàìjíríà yóò nílò. Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 1960. Yunifásítì Nsukka bẹ̀rẹ̀ ní ọdún yẹn. Ní 1962, yunifásítì Èkó, ti Ifẹ̀ àti ti Zaria bẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn sì di yunifásítì tó dá dúró. Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 131 péré. Ìjọba Ìwọ̀-oòrùn ló dá Ifẹ̀ sílẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń kàwé kí wọ́n tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967, orúkọ rẹ̀ sì yí padà sí ti Awólọ́wọ̀ ní 1987, ọdún tí Awólọ́wọ̀ kú.

Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìdánwò àṣewọlé tirẹ̀ nígbà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ilé ìwé mẹ́ta yóò ra fọ́ọ̀mù mẹ́ta, yóò sì rìnrìn àjò lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó bá yege ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan ni yóò wọ̀, àyè méjì yóò sì ṣófo níbi tí ẹlòmíràn ti ń sunkún. Ìdí nìyí tí ìjọba fi dá JAMB sílẹ̀ ní 1978, kí ìdánwò àti fọ́ọ̀mù lè di ẹyọ kan. Ìrọ̀rùn ni fún ẹni tí kò lówó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún sọ yíyàn di ohun tó wúwo, nítorí ẹni tí kò bá ronú dáadáa nípa ilé ìwé tó fi ṣe àkọ́kọ́ lè pàdánù ọdún kan gbáko. Láti 2005, ọ̀pọ̀ yunifásítì tún ń ṣe àyẹ̀wò tiwọn lẹ́yìn ti JAMB.

Ọ̀nà tó gba iwájú ilé wa kọjá

Àwa ará Àlímọ̀ṣọ́ ní ìtàn tiwa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ilẹ̀ wa ti 1979 gba ìjọba ìpínlẹ̀ láàyè láti dá yunifásítì sílẹ̀. Ìjọba Alhaji Làtééfù Jákàǹdè lo àyè yìí, wọ́n ṣòfin Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní 1983, ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1984. LASU ni gbogbo wa ń pè é. Orúkọ rẹ̀ wà lára títì ńlá tó la Ìgàndò kọjá dé Ìyànà Ìbà, tí àwọn kọ̀ńdọ́ láti Ìkòtún ń pariwo rẹ̀ láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní ìjọba ìbílẹ̀ wa fẹ́ràn LASU nítorí pé ọmọ lè ti ilé lọ, kí ó sì padà sílé jẹun alẹ́, owó rẹ̀ kò sì ga.

Àfi ní ọdún 2011. Ìjọba ìpínlẹ̀ fi owó kún owó ilé ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, láti náírà 25,000 sí iye tó wà láàárín náírà 193,750 àti náírà 348,750, ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Ìjọba ní ilé ìwé nílò owó kí ó lè dára. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí ní agbára àwọn kò gbé e. Iye àwọn tó ń wọlé dín kù, ìfẹ̀hónúhàn pọ̀, nígbà tó sì di 2014, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá dá owó náà padà sí 25,000. Láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, ilé ìwé kan náà, ní ojú ọ̀nà kan náà, jìnnà sí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgàndò ju Ìbàdàn lọ. Kì í ṣe kìlómítà nìkan ni a fi ń wọn jíjìnnà ilé ìwé.

Ìbéèrè kẹta nìyẹn: ta ni yóò san owó, ṣé agbára rẹ̀ yóò sì gbé e títí dé ọdún ìkẹyìn?

Lónìí, ohun tí a lè yàn ti pọ̀. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún yunifásítì aládàáni níwèé àṣẹ ní 1999. Ní 2016, Anchor University gba tirẹ̀, Ayọ̀bọ̀ ló sì wà, nínú Àlímọ̀ṣọ́ níbí. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ sọ ilé ìwé gíga pólì tó wà ní Ìkòròdú di yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti tẹkinọ́lọ́jì, wọ́n sì so kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ti Ìjànìkín àti ti Ẹ̀pẹ́ pọ̀ di yunifásítì ẹ̀kọ́. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì, tó gba nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ní 2020 àti oṣù mẹ́jọ ní 2022, ti mú kí àwọn òbí kan sá fún ilé ìwé ìjọba àpapọ̀. Owó ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024 sì wà fún ilé ìwé ìjọba, kò sí fún ti aládàáni. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ìdílé ní láti gbé lé orí ìwọ̀n kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan fọ́ọ̀mù.

Ìbéèrè Yábà kò tíì tán

Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ Yaba Higher College, kò jìnnà síbẹ̀ ni Yaba College of Technology wà lónìí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1947. HND ni ìwé ẹ̀rí tí àwọn pólì mọ̀ jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó ní HND ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba ní ìpele 07, ẹni tó ní dígírì ń bẹ̀rẹ̀ ní 08, ibi tí ẹni tó ní HND sì lè gòkè dé ní ààlà. Ìjọba ti sọ lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé òun yóò fòpin sí ìyàtọ̀ yìí. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ Èkó pariwo lé lórí ní 1934 ni àwọn ọ̀dọ́ òde òní ṣì ń sọ ní àdúgbò kan náà.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé ó wà nílé wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gba HND ní pólì kan. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì ń yìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí àyè ìgbéga ṣí sílẹ̀, wọ́n ní dígírì ni àwọn ń wá. Ó ń fi òpin ọ̀sẹ̀ kàwé báyìí, bí Awókòyà, ó ń gba ọ̀nà kejì. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sí pólì, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ pọ̀ tí yunifásítì kò ní. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó yẹ kí ènìyàn mọ ibi tí ìwé ẹ̀rí yóò gbé e dé kí ó tó forúkọ sílẹ̀.

Ìmọ̀ wíwọn ilẹ̀ ni èmi fẹ́ kọ́. Ní Àlímọ̀ṣọ́, níbi tí ilé ti ń hù bí olú, tí ìjà ààlà ilẹ̀ kì í sì í tán, iṣẹ́ gidi ni. Bàbá mi fẹ́ ilé ìwé tí orúkọ rẹ̀ ti ń dún láti ìgbà èwe wọn. Màmá mi, tó ń ta aṣọ ní ọjà Ìkòtún, ní ohun tí àwọn lè ṣe ni kí àwọn sanwó mi tán kí àbúrò mi obìnrin tó wọlé. Ìtàn yìí ni mo kà fún wọn. A mú ìwé kan, a sì kọ ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo yunifásítì ló ní ẹ̀ka wíwọn ilẹ̀, nítorí náà orúkọ púpọ̀ ti kúrò kí a tó dé orí owó. A yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àjọ NUC fọwọ́ sí ẹ̀ka náà, àti bóyá àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ àwọn awọnlẹ̀ yóò gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. A ṣírò owó ọkọ̀ láti Ìkòtún dé Akọka, a fi wé owó ilé gbígbé ní ìlú mìíràn. Yunifásítì Èkó ló ṣẹ́kù sókè. Bàbá mi wo ìwé náà títí, wọ́n ní, "Ó dáa, orúkọ tèmi kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí ìdí rẹ̀." N kò tíì mọ̀ bóyá wọn yóò gbà mí. Ṣùgbọ́n gbogbo wa nílé mọ ìdí tí a fi yàn án.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀wọ́, bí ọmọ bá dárúkọ ilé ìwé, ẹ má kàn ní "ó dáa" tàbí "kò dáa". Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ bá wa ṣí ìwé ìtọ́ni JAMB ní SS 1, kí a lè mọ àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè kí a tó já wọn sílẹ̀. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ rántí pé Crowther kò ní ohun tí yóò yàn, àwa ní. Àwọn ọ̀dọ́ Èkó ní 1934 béèrè ìbéèrè tiwọn nígbà tí ilé ìwé ti ṣí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti wà nínú rẹ̀. Àwa lè béèrè tiwa kí a tó wọlé.